Ìwé Aláwòrán Tí Wọ́n Yà Fún Wa Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ń kàwé ní Mówè, Ìbàfò àti Ìfọ̀, ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ìwé aláwòrán, èyí tí wọ́n to àwòrán sí lẹ́sẹẹsẹ láti fi sọ ìtàn. Àwọn kan nínú yín a máa fi irú ìwé yìí pamọ́ bí olùkọ́ bá wọlé. Wọ́n ní ìwé ọmọdé ni. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀ ná.

Ní Bìrìtéènì, òwò ńlá ni. Ní ìlú Dundee, ilé-iṣẹ́ D. C. Thomson bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Dandy ní 1937, wọ́n sì tẹ Beano tẹ̀ lé e ní 1938. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà ló ń kọ ọ́, àgbà ló ń yà á.

Ní 1975 wọ́n ṣe ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún Nàìjíríà. Powerman ni orúkọ ìwé náà, òun náà sì ni orúkọ akọni inú rẹ̀. Ènìyàn dúdú ni akọni yìí, agbára rẹ̀ sì ju ti ènìyàn lọ. Ilé-iṣẹ́ Bardon Press Features ló gba iṣẹ́ náà. Donne Avenell àti Norman Worker kọ ìtàn. Dave Gibbons àti Brian Bolland ya àwòrán. Bí Gibbons bá ya ìwé kan, Bolland a ya èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà náà. Gibbons kò ju ọmọ ọdún 26 lọ, Bolland sì kéré sí i. Orúkọ wọn kò tíì dún rárá.

Ẹ wo ohun kan níbí. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan, 1, 2, 3, kí òǹkàwé lè mọ èyí tó kàn. Wọ́n rò pé àwa ará Nàìjíríà kò mọ bí a ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà náà dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èrò ìdí rẹ̀ ni mi ò gbà. Láti àwọn ọdún 1940 ni Akinọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó. Àwòrán ló fi ń bá ìjọba amúnisìn wí. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B a wò ó, a rẹ́rìn-ín, a sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Lẹ́yìn náà Atọ́ka dé. Fọ́tò àwọn òṣèré wa ló fi ń sọ ìtàn ní èdè Yorùbá. Kí Powerman tó dé ni gbogbo èyí.

Ní 1976, Wálé Adénúgà gbé Ikebe Super jáde. Inú rẹ̀ ni Papa Ajasco ti wá, kí ó tó di eré tẹlifíṣọ̀n. Ìwé àgbà nìyẹn o! Ẹ má fi lé ọmọdé lọ́wọ́.

Gibbons àti Bolland wá di olókìkí. Gibbons ya Watchmen ní 1986 àti 1987. Bolland ya The Killing Joke ní 1988. Ní ọdún 1988 kan náà ni wọ́n tún Powerman tẹ̀ ní Bìrìtéènì. Wọ́n yí orúkọ akọni náà padà sí Powerbolt, nítorí akọni kan ti ń jẹ́ Power Man ní Amẹ́ríkà.

Bí a ti ń kà á: láti apá òsì sí apá ọ̀tún, kí a tó bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀. Òbìrìkìtì tó tọ́ka sí ẹnu ni ọ̀rọ̀ tí ẹni náà ń sọ. Bí ó bá rí bí ìkùukùu, èrò ọkàn rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ fa àpótí mẹ́rin sínú ìwé yín. Ẹ ya bí ẹ ti wọ ọkọ̀ láti Ìbàfò lọ sí Èkó. Ará Ìfọ̀ lè ya ti ọjà. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ sì kọ ohun tí kọ̀ńdọ́ tàbí oníbàárà sọ sínú òbìrìkìtì.