ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ TÍTẸ ÌWÉ KÉKERÉ FÚNRA ẸNI

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ yáwó tẹ ìwé tirẹ̀, ìbáà ṣe ìtàn ìdílé, ìwé àdúrà, tàbí ìwé tí yóò fi kọ́ ọmọṣẹ́ níṣẹ́. Ẹni tó bá tẹ ìwé fúnra rẹ̀ ti di oníṣòwò: òun ló ni èrè, òun náà ló ni gbèsè.

1. Ọ̀nà méjì ló wà

Bí ẹ bá dé Ṣómólú ní Èkó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, ọ̀nà méjì ni wọn yóò fi hàn yín. Èkíní ni ọ̀fúsẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò kọ́kọ́ ṣe pléètì, wọn yóò sì to ẹ̀rọ. Owó èyí kò yí padà, ìbáà ṣe ẹ̀dà 100 tàbí 1,000. Èkejì ni díjítà, tó ń tẹ̀wé tààrà láti inú kọ̀ǹpútà. Kò nílò pléètì, ṣùgbọ́n owó ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ga jù.

2. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Àpẹẹrẹ lásán lèyí o, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní pléètì àti títo ẹ̀rọ jẹ́ ₦200,000, kí bébà, yíǹkì àti dídì ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦400. Ẹ̀dà 1,000 di ₦600,000, ìyẹn ₦600 lórí ọ̀kan. Ká ní díjítà gba ₦1,000 lórí ọ̀kan: ẹ̀dà 200 jẹ́ ₦200,000.

₦600 yẹn ló máa ń wọ̀ wá lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ta ìwé náà ní ₦1,500, tó sì jẹ́ pé 200 péré ló tà, ₦300,000 ló wọlé. Ẹni tó tẹ 200 ti jèrè ₦100,000. Ẹni tó tẹ 1,000 ṣì ń wá ₦300,000, ìwé 800 sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ikán. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ kò sì ní dúró dè é.

Nínú àpẹẹrẹ yìí, ó di ìgbà tí ẹ̀dà bá lé ní 333 kí ọ̀fúsẹ́ẹ̀tì tó dínwó ju díjítà lọ.

3. Kí ẹ tó sanwó

Ìwé tí a fi wáyà dì láàárín, mẹ́rin-mẹ́rin ni ojú-ewé rẹ̀ ń lọ. Bí tiyín bá jẹ́ 45, 48 ni ẹ ó san.

Ẹ gba ẹ̀dà kan kà ná. Àmì Yorùbá máa ń sọnù láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn: ìgbà á di igba, igbá náà á di igba.

Ilé Ìkówèésí Ìjọba Àpapọ̀ ló ń fúnni ní nọ́ńbà ISBN. Òfin sì ní kí atẹ̀wéjáde fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn.

Nítorí náà, ẹ ka oníbàárà kí ẹ tó ka ẹ̀dà. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó dájú pé wọn yóò rà á sílẹ̀. Bí 200 bá tán, ẹ tún tẹ òmíràn. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá yáwó nítorí ìwé títẹ̀, kó mú iye tí atẹ̀wé méjì kọ fún un dání, pẹ̀lú orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ajé á wá o.