Òpó Méjì Tó Ń Wo Ara Wọn: Bí A Ti Ń Fi Rédíò Gbé Íntánẹ́ẹ̀tì Láti Ilé Kan Dé Èkejì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ná owó lé lórí kó má sì ṣiṣẹ́, bí wọn kò bá kọ́kọ́ wo ilẹ̀ dáadáa. Gbogbo wa la mọ bí agbègbè Warri ti rí: odò níhìn-ín, irà lọ́hùn-ún. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lè wà lẹ́bàá títì, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé geere, kí ilé gàrí àti ilé-ìwé àwọn ọmọ sì wà ní òdì kejì irà, ní ìwọ̀n kìlómítà kan. Akọ̀wé ilé gàrí á wá máa rìn yí irà po nítorí kí ó lè mọ̀ bóyá owó oníbàárà ti wọ báǹkì.

Wáyà kọ̀ǹpútà tí à ń rà lọ́jà kò gbọdọ̀ gùn ju 100 mítà lọ. Okùn onígíláàsì tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbẹ́ inú irà, ta ni yóò sì máa ṣọ́ ọ kí ọkọ́ má baà gé e? Ìdí nìyí tí a fi ń lo rédíò méjì tó kọjú sí ara wọn, ọ̀kan lórí òpó níhìn-ín, èkejì lórí òpó lọ́hùn-ún.

Kì í ṣe irú rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Ìyẹn dà bí àtùpà tí a gbé sáàárín ilé, tó ń tàn kiri. Èyí dà bí tọ́ọ̀ṣì: ibi tí a bá kọjú rẹ̀ sí ló ń tàn dé. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní àárín àwọn ọdún 1990, Obafemi Awolowo University ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi rédíò so kọ̀ǹpútà inú ọgbà rẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ICTP, ilé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó wà ní Trieste, ní Ítálì.

Ní ọdún 2007, Ermanno Pietrosemoli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Venezuela, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ Wi-Fi tí kò wọ́n so ibi méjì pọ̀ tí 382 kìlómítà wà láàárín wọn. Èyí ju Warri sí Èkó lọ, bí ẹyẹ bá ń fò ó. Kí ló dé tí ọ̀pẹ kan ṣoṣo fi lè dí tiwa lórí kìlómítà kan? Orí òkè gíga ni wọ́n gbé tiwọn sí. Ohunkóhun kò dúró láàárín.

Ẹ má ṣe rò pé bí ojú bá ti rí òpó kejì, ó ti tán. Ọ̀nà tí ìgbì rédíò ń gbà kò rí bí okùn. Bíi gbágùúdá ló rí: ó tín-ín-rín lórí àti nídìí, ó sanra láàárín. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo 5.8 GHz (nọ́ńbà yìí máa ń wà lára páálí rẹ̀), bí ọ̀nà náà bá jẹ́ kìlómítà kan, láti àárín gbùngbùn ibi tó ti sanra jù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó 3.6 mítà. Ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá èyí, tó lé díẹ̀ ní mítà 2, gbọ́dọ̀ ṣófo lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Ti 2.4 GHz tún sanra jù bẹ́ẹ̀; bíi 3.4 mítà ló ń fẹ́ kí ó ṣófo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́jú, ọ̀pẹ kan wà láàárín ọ̀nà, imọ̀ rẹ̀ tó ga jù dé mítà 10. Òpó méjèèjì gbọ́dọ̀ ga ju mítà 12 lọ. Àmọ́ ọ̀pẹ kì í dúró sójú kan. Ó lè fi ìdajì mítà ga sí i lọ́dún. Ẹni tó bá ri òpó mítà 12 àti ààbọ̀ lónìí, imọ̀ ọ̀pẹ á ti wọ ọ̀nà rẹ̀ kí ọdún kan tó pé. Òpó gíga sì wọ́n. Lójú tèmi, ó sàn kí ẹgbẹ́ wá ọ̀nà tó gba orí oko gbágùúdá, ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́, kí wọ́n sì fẹnu kò nípàdé pé ẹnikẹ́ni kò ní gbin ọ̀pẹ tàbí rọ́bà sójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ síbẹ̀ ń kọ́? Kí a bá a sọ̀rọ̀ kí a tó ra ẹ̀rọ, kó má di ìjà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ìgbà òjò sì ni kí ẹ lọ wo ọ̀nà náà, nítorí ewé tútù ń mu ìgbì rédíò ju ewé gbígbẹ lọ.

Ní ti òjò fúnra rẹ̀, èyí tó ń rọ̀ ní Warri lọ́dún ju 2,500 mìlímítà lọ, síbẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe 5.8 GHz ní nǹkan lórí kìlómítà kan. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà bá ń yin ẹ̀rọ 60 GHz pé ó yára bí àṣá, òótọ́ ni, ó yára. Àmọ́ òjò ńlá ń pa á, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú pàápàá ń jẹ lára rẹ̀. Ilé sí ilé nínú ọgbà kan ló yẹ ẹ́.

Bí ọ̀nà bá gba orí odò, ẹ mọ̀ pé omi ń dá ìgbì padà bíi dígí, èyí tó ta lára omi sì lè pàdé èyí tó wá tààrà kí wọ́n pa ara wọn. Odò Warri ń kún, ó ń fà bí òkun ti ń ṣe, nítorí náà ó lè dára láàárọ̀ kó bàjẹ́ lọ́sàn-án. Bí a bá gbé ẹ̀rọ kan sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ lára òpó, ó lè yanjú.

Irin ni kí òpó jẹ́. Ọparun ń mì. Kó jìnnà sí wáyà iná mànàmáná tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní kàn án bó bá wó. Kí oníṣẹ́ iná ri irin mọ́lẹ̀ nídìí rẹ̀ nítorí ààrá, kó sì fi ohun ààbò sí ibi tí wáyà ti ń wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ̀dọ̀ gun òpó nígbà tí òjò bá ṣú. Iná tí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ń jẹ kò ju wáàtì 10 lọ, sólà kékeré àti bátìrì lè gbé e.

Bí a bá ń kọjú wọn síra, kí ẹnì kan wà nídìí òpó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóònù. Ẹ yí ẹ̀rọ kan díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì, kí èkejì dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ máa ka nọ́ńbà agbára tó ń gbà. Òdì ni nọ́ńbà náà máa ń jẹ́: -55 dára ju -75 lọ. Níbi tó bá ti dára jù, ẹ dè é le, kí ẹ tó lọ sí òpó kejì.