Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Kó Ìwé Ìwádìí Jọ

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwa tí à ń gbé Ládí-Lak kò nílò àlàyé. Bí ẹnìkan bá ń lọ sí Yunifásítì Èkó, á fẹsẹ̀ rìn gba inú Akọ́kà. Ẹlòmíràn á wọkọ̀ yí gba Yábàá. Ibì kan náà ni wọ́n ń lọ. Èmi kò fi òwe yìí wo àwọn ìwé orí kọ̀ǹpútà mi nígbà tí mò ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì, ó sì dùn mí.

Fódà ni mò ń lò. Bí àpilẹ̀kọ kan bá kan orí méjì nínú iṣẹ́ mi, màá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fódà méjì. Mo fa ìlà sínú ọ̀kan, mo kọ èrò mi sí ìkejì. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, n kò mọ ẹ̀dà tí èrò mi wà nínú rẹ̀ mọ́. Mo tún ohun tí mo ti kà kà mọ́jú.

Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kó ìwé ìwádìí jọ, ni mo fi ń han àwọn àbúrò mi báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà ló sì ti jáde ní 2006. Orí kọ̀ǹpútà yín ló ń kó ìwé sí, nítorí náà bí dátà bá tán, ìwé kò tán.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé Àlùfáà Samuel Johnson, The History of the Yorubas, ṣe àpẹẹrẹ. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù sí Ìlú Ọba. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀. Ó jáde ní 1921. (Ẹ rántí èyí, kí ẹ máa ṣe ẹ̀dà gbogbo àkójọ Zotero yín sórí dísíìkì mìíràn.) Ibo lẹ máa wá fi ìwé náà sí? Ìtàn Ọ̀yọ́ ni. Ogun Kírìjì wà nínú rẹ̀, Johnson fúnra rẹ̀ sì jíṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun náà. Ẹni tó ń wádìí bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣe ń di àkọsílẹ̀ pàápàá kò lè fò ó. Ẹ ṣe collection (ohun tí Zotero ń lò bíi fódà) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọ́ ọ sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé kan ṣoṣo ló ṣì jẹ́, ohun tí ẹ bá sì kọ sí i níhìn-ín lẹ máa bá lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: “Remove Item from Collection” ń dí ọ̀nà kan péré, “Move Item to Trash” ló ń gbé ìwé náà sọnù.

Ọ̀rọ̀ ní í mú ọ̀rọ̀ wá. Ní 1984, Robin Law béèrè nínú ìwé àtìgbàdégbà History in Africa bóyá ìtàn tí Johnson kọ jẹ́ ti àtẹnudẹ́nu lóòótọ́. Ní 1993, Toyin Falola ṣe olóòtú odindi ìwé kan lórí Johnson. Collection lè kó wọn sójú kan, kò lè sọ pé ọ̀kan ń dá èkejì lóhùn. Abẹ́ abala Related nínú Zotero lẹ ti máa so wọ́n. Bí ẹ bá so Law mọ́ Johnson, ẹ máa rí Law lára Johnson, ẹ máa rí Johnson lára Law.

Síbẹ̀, Zotero kì í béèrè ohun tó so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n á rí okùn, wọn ò ní rántí ẹni tó so ó àti ìdí. Ẹ kọ gbólóhùn kan sínú note lọ́jọ́ tí ẹ kà á: “Law ń yẹ orísun Johnson wò, ó wúlò fún orí kejì.” Èmi ń kọ tèmi ní Yorùbá, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, torí Yorùbá ni àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń tètè yé mi.