MAGASÍÌNÌ: NÍBO NI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ TI WÁ?

Orúkọ irú ìwé tí ẹ mú dání yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lóṣù yìí.

Ìdí tí a fi mú un ni pé a máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kúdẹtì, ní Ọjà'ba àti ní Bẹẹrẹ, tí wọ́n mọ kéwú dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń pa ẹnu mọ́ bí ó bá di Gẹ̀ẹ́sì láàárín ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n rò pé ohun tí alfa kọ́ wọn kò wúlò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní Kúdẹtì níbí ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dá ilé ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853. Ọ̀pọ̀ àwọn baba wa Mùsùlùmí fà sẹ́yìn, wọ́n ní ẹni tí ó bá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò yí ẹ̀sìn padà. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wò.

Láti inú Lárúbáwá ni magazine ti wá. Makhzan ni ilé tí a ń kó ẹrù pamọ́ sí, bí àká àgbẹ̀. Bí ó bá pọ̀, ó di makhazin. Ẹni tí ó bá ti ka Sura Yusuf dé aaya 55 ti bá ìbátan rẹ̀ pàdé. Níbi tí Ànábì Yusuf ti ní kí ọba Íjíbítì fi òun ṣe olórí àwọn àká ilẹ̀ náà, khaza'in ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Kha, zay àti nun ni gbòǹgbò àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ náà bá òwò dé Ítálì, ó di magazzino. Ó dé Faransé, ó di magasin. Nígbà tí ó wọ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1580, ilé ìkẹ́rùsí náà ni ó ṣì túmọ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Kútọnu, bí ẹ bá rí MAGASIN lára ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ẹ má rò pé ìwé ni wọ́n ń tà o! Àwọn ológun fi pe ilé ẹ̀tù, ìdí nìyí tí ibi tí ọta ń gbé lára ìbọn náà fi ń jẹ́ magazine. Ní 1731, Edward Cave bẹ̀rẹ̀ ìwé olóṣooṣù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, The Gentleman's Magazine. Ó ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ láti inú oríṣiríṣi ìwé ìròyìn, ó wá dà bí àká ìmọ̀. Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ tòní ti jáde. (Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ti Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní 1859, Ìwé Ìròhìn ló pè é. Lójú tiwa, orúkọ yẹn dùn ju magasíìnì lọ.)

Ó ku bí a ṣe ń pè é: ma-ga-ZIN. Ẹ fa ti ìkẹyìn gùn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà mìíràn a máa tẹ ti àkọ́kọ́. Z ni ó ń dani láàmú, nítorí Yorùbá kò ní in. Òun ló sọ zakat di sàká, tí ó sọ Zaynab di Sàínábù. Ṣùgbọ́n ẹni tí alfa ti jókòó tì títí zay fi yọ lẹ́nu rẹ̀ ti bọ́ nínú wàhálà yìí, ìró kan náà ni. Ẹni tí kò bá tí ì mọ̀ ọ́n, kí ó pe s, kí ó fi ìka kan ọ̀fun, kí ó wá jẹ́ kí ohùn bá a jáde títí ọ̀fun yóò fi máa kùn bí oyin.

Kha ni kò dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará Ítálì ti sọ ọ́ di g lọ́nà. Kí a má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ṣá. Àwa náà sọ al-khamis di Àlàmísì, a sì sọ Khadija di Kádíjà.

Iṣẹ́ ṣíṣe: kí oṣù tí ń bọ̀ tó dé, ẹ wá ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó bí cotton, sugar àti zero. Ẹ lè bi alfa yín.