Kí MOSFET Tuntun Tó Wọ Inú Ínfátà

Ẹni tó ń tún ínfátà ṣe ní Ìrèlè-Èkìtì mọ̀ pé ayédèrú MOSFET kì í jẹ owó ọjà nìkan, ó tún máa ń jẹ owó ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ rà á ní Adó-Èkìtì. Mo ti jó mẹ́jọ mọ́ bọ́ọ̀dù rí láìdán wọn wò. Bí mo ṣe tan ínfátà, wọ́n dún pàù-pàù bí gúgúrú.

IRF3205 ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó wọ́pọ̀ nínú ínfátà fólítì 12. Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tí a rì mọ́lẹ̀ kí ẹ tó mú un. Iná ara wa lè ba gate, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ojú tí a kọ̀wé sí kọjú sí yín, kí ẹsẹ̀ máa wo ilẹ̀: òsì ni gate, àárín ni drain, ọ̀tún ni source. Ẹ fi irin kan ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ yí mítà sí àmì dáódù. Okùn pupa sí source, dúdú sí drain: á kọ nǹkan bíi 0.4 sí 0.6. Ẹ pààrọ̀ wọn, OL (iná kò kọjá) ló yẹ kó kọ. Láti gate sí èyíkéyìí, OL náà ni. Bí mítà bá ké pìì, MOSFET náà ti kú.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń dúró níbí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ayédèrú máa ń yege ìdánwò yìí dáadáa: MOSFET ni lóòótọ́, kékeré tí wọ́n kọ orúkọ ńlá sí lára ni.

Nítorí náà, ẹ wá bátìrì fólítì 12 àti gílóòbù ọkọ̀ wáàtì 21. Láti pósítíìfù, ẹ gba inú gílóòbù lọ sí drain; source lọ sí négátíìfù. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 1k so gate mọ́ pósítíìfù, gílóòbù á tàn. Ẹ yí mítà sí fólítì DC, kí ẹ wá fi wọn àárín drain àti source, kí ẹnu okùn súnmọ́ ara MOSFET pẹ́kípẹ́kí. Ìdènà inú ojúlówó kò ju 0.008 ohm lọ, iná tó ń kọjá kò sì tó ámípíà 2, nítorí náà nǹkan bíi mílífólítì 14 ni ẹ ó rí. Bí ó bá kọ 60 tàbí 90, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Èyí tó bá yege ni kí ẹ lò; ẹ pààrọ̀ gbogbo ti ẹ̀gbẹ́ kan pọ̀, ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó. Nígbà ìtànná àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí iná bátìrì gba inú gílóòbù yẹn kọjá. Bí ó bá kọ mànà tó sì ṣú, ó dára. Bí ó bá ń mọ́lẹ̀ roro, ẹ pa á kíá, ìṣòro ṣì wà lórí bọ́ọ̀dù.