Ẹ Má Fi Omi Du Ọmọ SS Nítorí Títọ̀ Sílé

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní ẹ̀jẹ̀ SS. Ó ṣì máa ń tọ̀ sílé lóru. Ìyá ọkọ mi ní kí n má fún un lómi mọ́ bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, dókítà sì ní kó máa mumi dáadáa. Kí ni omi fẹ́ ṣe fún ẹ̀jẹ̀ gan-an? Ti ta ni kí n gbọ́?

Ìdáhùn: Ti dókítà ni kí ẹ gbọ́. Màmá kò gbèrò ibi sí ọmọ, fífọ aṣọ ìtọ̀ láràárọ̀ sì ń sú ènìyàn. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ní kí ẹ fi du ọmọ yìí wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ há. Omi inú ara kì í kàn ṣe ibi tí nǹkan mìíràn ń léfòó sí. Òun ló ń pinnu bí àwọn èròjà ńláńlá inú ara ṣe máa ká, àti ohun tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́.

Ẹ kán epo pupa sójú omi nínú abọ́. Kò ní pẹ́ tí àwọn ẹ̀kán kéékèèké náà á fi pàdé ara wọn, tí wọ́n á di ojú kan. Ọ̀pọ̀ ló rò pé epo ló fẹ́ràn epo. Rárá o, omi ló fẹ́ràn omi. Haidirójìn méjì àti ọ́síjìn kan ló wà nínú èérún omi kọ̀ọ̀kan, iná inú rẹ̀ kò sì dọ́gba: ó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́síjìn, ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ haidirójìn. Ẹ̀gbẹ́ tí iná ti pọ̀ lára ọ̀kan ń fa ẹ̀gbẹ́ tó ti kéré lára èkejì, bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ń di ara rẹ̀ mú. Epo kò ní ibi tí omi lè dì mú. Omi tó bá yí epo ká kò lè yíra padà bó ṣe wù ú, nítorí náà ló ṣe máa ń ti epo jọ sójú kan, kí ìnira rẹ̀ lè dínkù.

Irú ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ SS. Hemoglobin, pùrótéènì tó ń gbé ọ́síjìn kiri, ní okùn mẹ́rin. Méjì nínú wọn là ń pè ní bétà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní amino acid 146 tó tò tẹ̀léra. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi iná mànàmáná fa hemoglobin àwọn aláìsàn yìí, kì í rìn bíi ti àwọn yòókù. Vernon Ingram ló wá rídìí ọ̀rọ̀ ní Cambridge ní nǹkan bí ọdún méje sí i: nínú gbogbo 146 yẹn, ìkẹfà nìkan ló yí padà. Glutamic acid ló yẹ kó wà níbẹ̀, èyí tí omi rí dì mú. Valine ló wà níbẹ̀, ìwà epo ló sì ń hù. Bí hemoglobin bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, kòtò kékeré kan á ṣí lára rẹ̀, omi á sì ti valine hemoglobin mìíràn wọ inú kòtò náà. Bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ra nìyẹn títí wọ́n á fi di okùn gígùn tó le, tí sẹ́ẹ̀lì pupa á sì tẹ̀ bíi dòjé.

Ẹ lè wá bi mí pé bó bá jẹ́ omi ló ń tì wọ́n lẹ̀ mọ́ra, ṣé omi púpọ̀ kò ní dá kún un? Ìbéèrè gidi ni. Èsì rẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe fún mọ́ra sí ló ṣe kókó. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sẹ́ẹ̀lì pupa ló jẹ́ hemoglobin, wọ́n ti fún pinpin tẹ́lẹ̀. Ní 1974, William Eaton àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àkókò tó ń kọjá kí okùn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Wọ́n rí i pé bí hemoglobin bá fi díẹ̀ péré ki sí i, àkókò náà á já wálẹ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po. Sẹ́ẹ̀lì pupa sì rèé, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi ń gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kọjá, kó tó forí lé ẹ̀dọ̀fóró láti lọ gba ọ́síjìn tuntun. Bí okùn kò bá tíì dì kó tó kọjá, ọmọ ò ní mọ nǹkan kan. Bó bá dì síbẹ̀, á há, ìrora á sì dé.

Títọ̀ sílé ńkọ́? Àìsàn yìí kan náà ló wà nídìí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ inú kíndìnrín, níbi tí ara ti ń gba omi padà lára ìtọ̀, ọ́síjìn kò pọ̀, iyọ̀ ibẹ̀ sì ń fa omi kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Kò síbi tó rọ valine lọ́rùn tó ibẹ̀. Láti kékeré ni ibẹ̀ ti ń bàjẹ́ lára ọmọ SS, tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í fi í ki, tó sì máa ń pọ̀. Kíndìnrín tí kò lè dá omi dúró kò ní torí pé ẹ kò fún ọmọ lómi kó wá máa dá a dúró. Ìtọ̀ á ṣì máa jáde, inú ẹ̀jẹ̀ ni omi rẹ̀ á sì ti wá. Ìyà méjì lẹ fi jẹ ọmọ nìyẹn, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Èyí kò wá sọ omi di oògùn o. Omi kò lè yọ valine kúrò. Awọ sẹ́ẹ̀lì SS fúnra rẹ̀ tún máa ń jò: potassium á jáde, omi á tẹ̀ lé e, kò sì sí bí a ṣe lè mumi tó tí yóò dí ojú ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń kọ hydroxyurea fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ó ń mú kí ara tún máa ṣe irú hemoglobin tí ọmọ ń lò nínú oyún, èyí tí kì í bá wọn dì mọ́ okùn náà.

Ẹ jẹ́ kó máa mumi látàárọ̀, kí ẹ má sì fi dù ú bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ lálẹ́. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ ibùsùn, ẹ jí i lóru kó lọ tọ̀, ẹ má sì nà án. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí ìrora bá mú un, ẹ má dúró de omi. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.