Ìwé Wo Lo Fẹ́ Máa Fọwọ́ Sí? Ṣe àti Má Ṣe fún Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Ilé àti Ilẹ̀

Lọ́dọọdún, bí JAMB bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù, àwọn òbí a máa mú ọmọ wá bá mi ní ọ́fíìsì. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín yìí ní iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ lòun fẹ́ ṣe o." Màá yíjú sí ọmọ, màá bi í pé, "Èwo nínú ẹ̀?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń dákẹ́. Ohun tí ọmọ mọ̀ kò ju àwọn tó ń polówó ilé aláràbarà lórí Instagram lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Ta ló jókòó tì í rí, tó sọ fún un pé kí ilé kan tó dúró, kí wọ́n tó tà á tàbí kí wọ́n tó fi háyà, ó tó èèyàn méje tó ń fọwọ́ sí ìwé lórí rẹ̀, tí ẹ̀kọ́ tí kálukú wọn kà sì yàtọ̀? Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí.

Ṣe: bi ara rẹ léèrè pé ìwé wo lo fẹ́ máa fọwọ́ sí

Ẹni tó ń wọn ilẹ̀, tó ń ri òpó kọnkéré kéékèèké sí igun rẹ̀, tó sì ń fọwọ́ sí sọ́fè, Surveying and Geoinformatics ló kà. SURCON ni àjọ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń ya àwòrán ilé ka Architecture, ARCON sì ni tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣírò iye sìmẹ́ǹtì, irin, yanrìn àti owó lébìrà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, tó ń sọ fún onílé pé owó rẹ̀ ò lè tó tàbí pé kọngílá ti fi kún iye, Quantity Surveying ló kà. Ẹni tó ń dúró ti iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ kí ògiri má bàa wọ́ ka Building, CORBON ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń pinnu ibi tí ọ̀nà máa gbà àti ibi tí ọjà máa wà ka Urban and Regional Planning. Lọ́yà ló ń kọ ìwé àdéhùn bí ilẹ̀ bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èwo wá ni ti Estate Management? Òun ni ẹ̀kọ́ adíyelé. Adíyelé ló ń sọ iye tí ilé tàbí ilẹ̀ tó lọ́jà, ó ń bójú tó ilé lórúkọ onílé, ó ń gba owó ilé, ó sì ń gba olówó nímọ̀ràn bóyá kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù ni tàbí kó kọ́ fúláàtì. Òfin tó dá ESVARBON, àjọ tó ń forúkọ àwọn adíyelé sílẹ̀, ti wà láti ọdún 1975. Bí bánkì bá fẹ́ gba ilé rẹ ní ìdógò, wọ́n á ní kí o mú ìwé ìdíyelé wá, ẹni tí ESVARBON mọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo ti rí ọmọ tó ka Surveying nítorí pé wọ́n ní "estate surveyor" ń rówó, tí kò mọ̀ pé adíyelé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọdún kẹta ló tó mọ̀.

Má ṣe: ka Estate Management torí pé o fẹ́ di éjẹ́ǹtì

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun àwọn olùkọ́ wa, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Kò sí ohun tó sọ pé kéèyàn fi ọdún 5 jókòó ní yunifásítì kó tó lè fi yàrá àti pálọ̀ han ayálégbé. Ọ̀pọ̀ éjẹ́ǹtì ni kò débẹ̀, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń pa lọ́dún àkọ́kọ́ ju owó oṣù ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lọ. Bó bá jẹ́ pé ká máa bá èèyàn wá ilé nìkan ni ọkàn rẹ ń fẹ́, wá éjẹ́ǹtì tó lórúkọ rere, kó kọ́ ọ, kí o sì ka ẹ̀kọ́ mìíràn tó wù ọ́. Bó bá jẹ́ Èkó lo máa ti ṣe é, lọ bá LASRERA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń forúkọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti wúlò ni ibi tí éjẹ́ǹtì ò lè dé: ìdíyelé ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ inú rẹ̀, owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí ọ̀nà gba oko rẹ̀ kọjá, ẹjọ́ ogún níbi tí kóòtù ti fẹ́ mọ iye tí ilé bàbá wọn tó kí wọ́n tó pín in.

Ṣe: tẹ̀lé ẹnì kan lọ sójú iṣẹ́ kí o tó yan

Lọ́dún tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, ọ̀gá mi mú mi lọ sí oko kòkó kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ọ̀nà tuntun máa gbà kọjá. Ká ka ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni iṣẹ́ wa, kí ìjọba lè mọ iye tó máa san. Bàbá tó ni oko ń lọ níwájú, ó ń fi ẹ̀yìn àdá kan igi kọ̀ọ̀kan: èyí ti ń so, èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ara bọ̀, èyí ti gbó. Èmi ń fi ẹfun sàmì sí ìdí igi, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. A ka obì, a ka ọ̀pẹ, a wọn ahéré tó fi páànù bò. Nígbà tí a parí, bàbá wo ìwé ọwọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀ náà ńkọ́? Níbo lẹ kọ ọ́ sí?"

Ẹnu mi wúwo. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ohun ọ̀gbìn àti ilé tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju iye tí ẹni tó ń lò ó san fún ìjọba lọ́dún náà lọ, bó bá tiẹ̀ san rárá. Ọ̀gá mi ló jókòó ti bàbá lórí ìtì igi, tó ń ṣàlàyé fún un ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó lé ní wákàtí kan kí a tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a máa padà, ọ̀gá ní kí n tún ìlà méjì kà lẹ́ẹ̀kejì, torí pé bí igi mẹ́wàá bá fò mí, oúnjẹ ilé bàbá yẹn ni mo bù jẹ. Igi mẹ́rin ló ti fò mí lóòótọ́.

Bí irú iṣẹ́ yìí bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ọmọ wa ni ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ìdí kọnkéré àti ariwo ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ǹtì ni ojú rẹ ti ń dán, Building ló pè ọ́ yẹn. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn, gbogbo orílẹ̀-èdè ló rí i pé ẹni tó ń dúró ti iṣẹ́ ìkọ́lé kì í ṣe ẹni tá a lè fi ẹnikẹ́ni rọ́pò. A nílò àwọn ọmọ tó ní láákàyè níbẹ̀.

Má ṣe: sá fún ìṣirò

Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ètò ọrọ̀ ajé ni JAMB ń béèrè fún Estate Management, pẹ̀lú ẹyọ kan sí i. Ṣí ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB, kí o fi ojú ara rẹ rí ohun tí yunifásítì tí o fẹ́ ń béèrè. Má gba ti ẹnu aládùúgbò. Iṣẹ́ wa kún fún ìṣirò. Mílíọ̀nù kan náírà tí ayálégbé máa san ní ọdún 10 òní, bí èlé bá jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, kò ju nǹkan bí 386,000 náírà lọ lónìí. Lórí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé iye ilé tó ń mówó wọlé kà. Ọmọ tí kò bá fẹ́ rí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sójú, á jìyà lọ́dún kẹta àti ìkẹrin.

Ṣe: wádìí ìfọwọ́sí méjèèjì

Ó di méjì o. NUC ń fọwọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, àjọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì ń fọwọ́ sí i lọ́tọ̀. Ọmọ àbúrò mi parí ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó ní ọgbà tó rẹwà àti họ́sítẹ́ẹ̀lì tó dára. Ó gba ìwé ẹ̀rí tán kó tó mọ̀ pé àjọ iṣẹ́ wa kò tíì fọwọ́ sí ẹ̀ka tí òun ti jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lọ sí ibòmíràn ti ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ nígbà tí òun ń sáré káàkiri pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Àwa àgbà ilé la fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá: a béèrè iye owó ilé ẹ̀kọ́, a béèrè oúnjẹ, a béèrè bóyá iná wà, a ò béèrè ìfọwọ́sí. Mo ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀, torí èmi ló yẹ kí n mọ̀.

Ó pẹ́ tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Èkó ní Akọka àti FUTA ní Àkúrẹ́ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Síbẹ̀, béèrè. Ìfọwọ́sí máa ń parí, wọ́n á sì ní láti tún un gbà.

Má ṣe: fojú di pólì

Yabatech àti Pólì Ìbàdàn ti kọ́ adíyelé tó mọ iṣẹ́ dáadáa. Ọdún 2 fún ND, ọdún kan lójú iṣẹ́, ọdún 2 mìíràn fún HND. Ọdún àárín yẹn wúlò púpọ̀, torí ọmọ á ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi tépù wọn ilé kó tó padà sí kíláàsì. Mi ò ní purọ́ fún yín ṣá: àwọn ọ́fíìsì kan ṣì ń fi BSc ṣáájú HND. Kò dára, ṣùgbọ́n ó wà bẹ́ẹ̀.

Má ṣe: gba Estate Management torí pé Law kò gbà ọ́

Mo rí wọn lọ́dọọdún. Ọkàn wọn ò sí níbẹ̀, máàkì wọn a sì fi hàn. Tún JAMB ṣe.

Ṣe: ronú ibi tí o fẹ́ ti ṣiṣẹ́ bí o bá ń lọ sí ìlú Òyìnbó

RICS, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1868, ló ń fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ilé àti ilẹ̀ ní Bìrìtìkó. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ lo máa jókòó sí, rí i pé RICS mọ ẹ̀kọ́ tí o máa sanwó fún. Bó bá jẹ́ pé o máa padà wálé, rántí pé wọn ò ní kọ́ ọ ní òfin ilẹ̀ wa níbẹ̀, wọn ò sì ní sọ fún ọ ohun tí a ń pè ní ilẹ̀ ẹbí. O ṣì máa lọ bá ESVARBON.

Má ṣe: rò pé ìwé ẹ̀rí ti parí ọ̀rọ̀

Lẹ́yìn yunifásítì àti àgùnbánirọ̀, ó ku kí o ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀, kí o sì ṣe ìdánwò NIESV, ẹgbẹ́ àwọn adíyelé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969. Ìgbà tí wọ́n bá gbà ọ́ lo tó lè fi ANIVS sẹ́yìn orúkọ rẹ, ìgbà tí ESVARBON bá sì forúkọ rẹ sílẹ̀ lo tó lè fọwọ́ síwèé. Nítorí náà, má fi ọdún àgùnbánirọ̀ rẹ ṣòfò níbi tí wọn ò ti ní fi iṣẹ́ hàn ọ́.

Má ṣe, ẹ̀yin òbí: sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin

Mo ti gbọ́ ọ ju ìgbà tí mo lè kà lọ: ojú iṣẹ́ le, àwọn ajàgùngbalẹ̀ wà. Wọ́n wà lóòótọ́, òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí wọn ní 2016 kò sì tíì lé gbogbo wọn kúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dẹ́rù ba ọkùnrin náà. Ọ̀gá tó mú mi lọ sí oko kòkó ọjọ́sí, obìnrin ni. Òun ló bá bàbá jókòó lórí ìtì igi, òun ló rí igi mẹ́rin tó fò mí.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ yín bá ń sọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀, ẹ wá ọ́fíìsì adíyelé kan, ti sọ́féyọ̀ kan, àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́ ládùúgbò yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó tẹ̀lé wọn fún ọjọ́ méjì méjì nígbà ìsinmi. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gba kọ́bọ̀. Kó ṣe é kí fọ́ọ̀mù tó jáde.